Àdúrà Olúmidé Tó Ti Wọlé

Bí ọmọ kan bá gbàdúrà, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé àdúrà rẹ̀ ti wọlé, tí àdúrà ọ̀hún wá sọnù kí etí ènìyàn kankan tó gbọ́ ọ, ta ló gbọ́ ọ? Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọlọ́run gbọ́. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, mo ti sọ ọ́ nílé ọ̀fọ̀, ó sì dá mi lójú nígbà tí mò ń sọ ọ́. Àmọ́ Doyinsọ́lá bi mí lójúkojú lọ́jọ́ kan. Mi ò tíì rí i dáhùn títí di òní. Ìtàn rẹ̀ nìyí, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ọdún 1999 ni Doyinsọ́lá tẹ̀lé Adéwọlé ọkọ rẹ̀ dé Port Harcourt. Aṣọ́bodè ni Adéwọlé, ìjọba ló gbé e wá síṣẹ́ ní èbúté. Wọ́n gba yàrá méjì ní Borokiri, níbi tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti ń jẹ ilẹ̀kùn irin díẹ̀díẹ̀ títí á fi dihò. Olúmidé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì kéré nígbà náà. Kò pẹ́ rárá tó fi ń fi Pidgin bá àwọn ọmọ àdúgbò jà. Bí wọ́n bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ máa wo ẹnu ẹni náà bí ìgbà tó ń wo tẹlifíṣàn.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́ o," ìyá rẹ̀ á wí.

"Mummy, I don hear," ọmọ á dáhùn. "Ẹ̀bà ńkọ́?"

Adéwọlé kú ní ọdún 2006. Àìsàn kídìnrín ni. Àwọn ẹbí ní kí ìyàwó rẹ̀ máa kó bọ̀ nílé, ó ní rárá, òun níṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ òun sì ti mọ ìlú yìí bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́ ọ̀hún wà ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹrù ọkọ̀ òkun sínú kọ̀ǹpútà. Détábéèsì ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń pè é. Àká ni Doyinsọ́lá ń pè é ní tirẹ̀, nítorí àká àgbàdo bàbá rẹ̀ ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀rọ tó ń gba ẹrù wọlé, tó sì ń kó o síbi tó yẹ, alákàá lorúkọ tó sọ ọ́.

Ó máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ alákàá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Bí ẹrù tuntun bá dé, alákàá kì í kọ́kọ́ gbé e wọ inú lọ́hùn-ún. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa kọ ọ́ sílẹ̀ ná, sínú ohun tí Doyinsọ́lá ń pè ní ìwé ẹnu ọ̀nà. Bó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ ni yóò dá ẹni tó gbé e wá lóhùn pé ó ti wọlé. Tọ́wọ́ rẹ̀ bá wá dilẹ̀, á kó gbogbo wọn lọ sí àyè wọn gan-an nínú àká, á sì sọ ojú ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn nù. Iná ìlú ò ṣeé gbọ́kàn lé. Bó bá lọ lójijì kí alákàá tó kó ẹrù wọnú, ìwé ẹnu ọ̀nà ni yóò kà nígbà tó bá jí, nǹkan kan ò sì ní sọnù.

"Ọjọ́ tí dísíìkì bá kún lẹ máa mọ irú alákàá tẹ́ ẹ ní," ó máa ń sọ. Ó ti rí ọ̀kan ní ọ́fíìsì tó jẹ́ pé nígbà tí àyè tán pátápátá, ó ṣì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó ti wọlé, ó ti wọlé. Ìgbà tí wọ́n fi máa ṣí i wò, ẹrù ọkọ̀ kan ti lẹ̀ mọ́ ti òmíràn, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n. Èyí tí Doyinsọ́lá fẹ́ràn ni èyí tó máa ń tilẹ̀kùn. Bí àyè bá tán, ẹ lè wọlé wá wo ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò ní gba tuntun lọ́wọ́ yín. "Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó dákẹ́ ju kó parọ́ lọ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, tí ojú rẹ̀ á máa dán bí ẹni ń yin àna rẹ̀.

Nígbà tí ìjọ rẹ̀ ní Rumuigbo fẹ́ dá ẹ̀rọ àdúrà sílẹ̀ ní ọdún 2009, òun ni wọ́n pè, irú alákàá tó máa ń tilẹ̀kùn ló sì fi síbẹ̀. Ẹni tó bá níṣòro á pe nọ́ńbà kan, á sọ àdúrà rẹ̀ sínú fóònù, kọ̀ǹpútà ìjọ á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn obìnrin kan á sì dá a lóhùn pé, "Àdúrà rẹ ti wọlé." Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n tún wá ṣe é ní Pidgin àti Yorùbá. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ á wá máa gbọ́ àwọn ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa gbàdúrà lé wọn lórí.

Pásítọ̀ Gbọ́lágadé ló ṣòfin kan. Ó ní a kò gbọdọ̀ yọ àdúrà ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀, àfi tí ẹni tó ni ín bá wá jẹ́rìí pé òun ti rí ìdáhùn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Doyinsọ́lá náà ṣe é, tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ènìyàn ń jẹ́rìí. Ẹni tó ríṣẹ́ wá, ẹni tó gbádùn wá, ijó ò sì gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ajé, Doyinsọ́lá á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á yọ àdúrà àwọn tó jẹ́rìí, á sì wo bí èyí tó kù ṣe pọ̀ tó. Gbogbo ìjọ ló ń gbọ́ ẹ̀rí. Òun nìkan ló ń rí ìyókù. Ó ń rí i bó ṣe ń ga sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àdúrà àwọn tó ń wá ọmọ, àwọn tí ọkọ wọn wọ ọkọ̀ ojú omi tí kò padà wálé mọ́, àwọn tó ti kú tí kò sì sí ẹni tó máa wá jẹ́rìí fún wọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìdáhùn ń bọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn kan ti rí ìdáhùn, wọ́n kàn gbàgbé láti padà wá ni. Kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí fún ẹnikẹ́ni.

Àyè tí àwọn tó jẹ́rìí fi sílẹ̀ pàápàá kì í tètè padà wá. Alákàá kò lè ṣàdédé ju ẹrù nù. Á kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti jù ú nù. Kódà láti gbàgbé, ó nílò àyè tí yóò kọ ọ́ sí pé òun ti gbàgbé. Bó bá sì fẹ́ fún ẹrù tó kù pọ̀, àfi kó kó wọn sí àyè tuntun kó tó wó ti àtijọ́. Ta ní fẹ́ fún un ní àyè tuntun nínú dísíìkì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún?

Ìdí nìyẹn tí Doyinsọ́lá fi gbé òkúta síbẹ̀. Òkúta ló pè é. Fáìlì ńlá kan ni tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó kàn gbàyè sílẹ̀ ni. Bí dísíìkì bá kún lọ́jọ́ kan, wọ́n á yọ òkúta náà, alákàá á lè mí, á sì rí àyè tún ilé ṣe.

Pásítọ̀ rí i lọ́jọ́ kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Sista Doyin, kí ni kinní tó tóbi báyìí?"

"Òkúta ni, sà. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó wá jókòó bí olóyè?"

Ó ṣàlàyé fún un. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú. "Ẹ wá ń dúró de ọjọ́ burúkú nínú ilé Ọlọ́run? Àwọn ènìyàn ń wá ibi tí wọ́n máa sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sí, ẹ wá fi òkúta dí i. Ẹ yọ ọ́, màá. Ẹni tó ń mú wọn wá á pèsè dísíìkì."

Ó yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Orin ló ń kọ nígbà tó ń yọ ọ́, torí ó rò ó pé àìgbàgbọ́ òun lòun ń yọ kúrò.

Ó di oṣù kìíní ọdún 2013. Olúmidé ti wọ ilé-ìwé gíga ní Calabar, ìsinmi sì ti parí. Doyinsọ́lá fẹ́ kó lọ lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n má baà ti ìforúkọsílẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ní òun fẹ́ dúró di ọjọ́ Ajé.

"Kí ló dé?"

"Mummy, ara mi ò kàn sọ pé kí n lọ lónìí."

"Ara ẹ ò sọ! Ara ẹ ti di wòlíì báyìí? Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́, Olúmidé. Bí bàbá ẹ bá wà láyé, ṣé wàá dúró níwájú ẹ̀ sọ irú èyí?"

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀. Kò jẹun. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ìdọ̀bálẹ̀ tó máa ń ṣe tí inú bá ń bí i, tí àyà rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, ó sì lọ.

Ìyá rẹ̀ ti wà ní ọ́fíìsì nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wọ fóònù rẹ̀ láti ibùdókọ̀ ní Mile 3. "Mummy no vex. I don call prayer line for park. E say e don enter." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò dá a lóhùn. Ó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ dé ilé-ìwé ná, kó mọ̀ pé òun ṣì ń bínú díẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò dé Calabar. Tírélà kan ló yà wọ̀nà wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá pe Doyinsọ́lá lọ́sàn-án, ohun tó ń sọ ṣáá ni pé kí wọ́n tún wò ó dáadáa, pé ọmọ òun ga, pé ó ní àpá iná lápá òsì.

Ọ̀sán kan náà yẹn ni dísíìkì ìjọ kún. Àdúrà Olúmidé wà lára àwọn tó wọlé gbẹ̀yìn. Alákàá kọ wọ́n sínú ìwé ẹnu ọ̀nà, ó dá wọn lóhùn pé wọ́n ti wọlé, òótọ́ ló sì sọ. Ìgbà tó gbé wọn dìde láti kó wọn wọnú àká ni kò rí àyè. Ó bá tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá tún pè, á kàn gbọ́ pé kó padà wá nígbà mìíràn.

Testimony lorúkọ akọ̀wé ìjọ. Ọmọ Ikwerre ni, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run gan-an. Ó ti ń wá ọmọ láti ọdún tó ti ṣègbéyàwó, àwọn ènìyàn á sì máa fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Sista Testimony, your own testimony nko?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn ń pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé ẹ̀rọ àdúrà ò gba ọ̀rọ̀ wọn. Ó pe Doyinsọ́lá títí, kò gbé e. Ibi ìgbókùúsí ni Doyinsọ́lá wà.

Testimony bá ṣí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ó kún. Ó wá ohun tó lè yọ. Gbogbo ibi tó wò, orúkọ ènìyàn àti àdúrà wọn ló wà níbẹ̀, kò sì jẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Ó wá rí àwọn fáìlì kan lápá kan, wọ́n tóbi, nọ́ńbà lásán ló wà lára wọn, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbàdúrà. Ó yọ wọ́n, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tan án. Alákàá jí, ó wá ìwé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò rí i. Ó gbà pé kò sẹ́ni tó wá sẹ́nu ọ̀nà òun. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì ń gba àwọn àlejò tuntun. Testimony kúnlẹ̀ dúpẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni Doyinsọ́lá tó rántí ọ̀rọ̀ inú fóònù. Ohùn ọmọ rẹ̀ wà níbì kan. Ó fẹsẹ̀ rìn gba ẹnu ọ̀nà ìjọ wọlé láì kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó, ó wá a. Kò sí i. Ó wo ẹ̀dà tó ti ṣe pamọ́, ti ṣáájú ọjọ́ náà ni. Ó wo ìwé ẹnu ọ̀nà. Ti ọjọ́ náà kò sí níbẹ̀. Ó pe akọ̀wé.

"Testimony. Wetin you comot for here?"

"Na only numbers, Mama Olú. I no touch anybody prayer. God see me."

"Only numbers."

"My own prayer dey inside there. You think say I fit touch another person own?"

Doyinsọ́lá wo ojú obìnrin náà. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ká ní olè ni, ìbá pariwo. Ká ní ọ̀tá ni, ìbá ṣépè. Obìnrin tó bẹ̀rù àdúrà ọmọlàkejì ni, Doyinsọ́lá fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òkúta tí ìbá gba gbogbo wọn là. Ó ní, "Ó dáa," lédè Yorùbá. Testimony kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lójú ẹsẹ̀, Doyinsọ́lá pa kọ̀ǹpútà náà, ó tú u, ó yọ dísíìkì inú rẹ̀ lọ sílé. Ìjọ ra òmíràn, wọ́n fi ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá yọ nínú dísíìkì kì í kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè rẹ̀ ni wọ́n kàn sọ di ti ẹni tó bá dé, títí nǹkan mìíràn á fi bò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Testimony ti ṣílẹ̀kùn, àwọn ènìyàn kò yéé pè. Gbogbo ìjọ ló ń pè nítorí òun. Olúwa, tu Mama Olú nínú. Olúwa, rántí opó yìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn àdúrà ìtùnú wọ̀nyẹn gan-an ló jókòó lé ohùn ọmọ rẹ̀.

Kò fi ìjọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Ó ń wá, ó ń kọrin, ó ń dá owó ìdá mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Testimony bí ọmọbìnrin kan, ó jẹ́rìí, Doyinsọ́lá ló sì lọ yọ àdúrà rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó ní ó pẹ́ kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní inú òun dùn sí ọmọ náà, òun sì bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ òótọ́ ni inú òun dùn.

Nísinsìnyí, orí WhatsApp ni ìjọ ti ń gba àdúrà, a ti gbé pásítọ̀ lọ síbòmíràn, Doyinsọ́lá sì ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo lọ kí i ní Borokiri, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ó kó mi wọ yàrá, ó ṣí ike ìrẹsì kan. Ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó fi ń lé ọ̀rinrin. Ó tọwọ́ bọ inú ìrẹsì náà, ó yọ nǹkan kan tí a fi táwẹ́ẹ̀lì ọmọkùnrin wé.

"Bàbá Ìmísí, mo gbọ́ pé ẹ ń lọ sí Ìbàdàn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ka dísíìkì tó ti kú. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní èyí ti gbó, pé ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa yí, kò ní yí mọ́." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti lè gbé e lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ìgbà yẹn ló bi mí ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ó fọwọ́ nu táwẹ́ẹ̀lì náà bí ẹni tó rí eruku lára rẹ̀.

"Kò burú. Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá rí ohùn rẹ̀, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìdánwò ló ń bẹ Ọlọ́run fún, ẹ mú un wá fún mi. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ẹ mú un wá. Kódà bó bá jẹ́ èmi ló ń fẹjọ́ mi sun, ẹ mú un wá, màá gbọ́ ọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó ń sọ fún Ọlọ́run pé òun ò fẹ́ wọ ọkọ̀ yẹn, pé kí Ó bá òun dá ìrìn náà dúró…"

Ó wo ike ìrẹsì náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sọ fún mi pé dísíìkì ò ṣeé kà. Mo mọ̀ pé ẹ kì í parọ́. Ẹ bá mi pa ẹyọ kan yìí, Bàbá Ìmísí."